Bainọ́kúlà 8x42 tí mo rà ní Wuse, àti ẹyẹ tó ń mì ìdí létí adágún Jabi

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Ábùjá, ẹ káàárọ̀ o. Bainọ́kúlà tí mo rà lọ́jà Wuse ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, 8x42 ni, ₦65,000 ni mo san lẹ́yìn tí a ti nájà títí. Ẹni tó tà á kọ́kọ́ ń ti 20x50 sí mi lọ́wọ́, ó ní èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti pọ̀ ló dáa jù. Ẹ má gbà o! 8 yẹn ni ìlọ́po tó fi ń fa nǹkan súnmọ́ni, 42 ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Tó bá di 20, bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ náà ló máa pọ̀ sí i, kí ẹ tó rí ẹyẹ mú lójú, ó ti fò lọ.

Sátidé tó kọjá, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo ti wà létí adágún Jabi. Oṣù Kẹwàá la wà yìí, àsìkò tí àwọn ẹyẹ ń sá fún òtútù Yúróòpù bọ̀ lọ́dọ̀ wa, etí òkun Èkó nìkan kọ́ ni wọ́n sì ń bà sí, ibi tí omi bá ṣáà ti wà ni. Lékeléke lọ súà, àwọn tí a máa ń bẹ̀ ní kékeré pé kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Àmọ́ ohun kékeré kan wà lórí òkúta, tó bá jẹ́ ojú lásán ni, mi ò ní mọ̀ pé ẹyẹ ni. Mo gbé bainọ́kúlà sójú, mo yí òrùka tó wà láàárín ẹ̀ díẹ̀, háà! Ìdí ẹ̀ ń mì sókè sódò, kò sinmi rárá, bí ẹni tí ìlù ń dún sí létí, ẹ̀yìn ẹ̀ láwọ̀ ilẹ̀, ikùn ẹ̀ funfun nini, funfun yẹn sì yọ gòkè níwájú apá bí ìkọ́. Ìkọ́ funfun yẹn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, common sandpiper lòyìnbó ń pè é. Kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ẹyin adìyẹ lọ, ó sì ti gba orí Sàhárà kọjá kó tó dé Jabi. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Okùn ọrùn bainọ́kúlà yìí ò dáa ṣá, tín-ín-rín ni, ó ń géni, àǹkàrá ni mo fi pààrọ̀ ẹ̀. Ìdérí dígí kan sì ti sọnù, kò dì mú. Tẹ́ ẹ bá rà á tó ń ṣú lójú, ẹ má tíì dá a padà: ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ yí ti àárín títí á fi mọ́ fún ti òsì, kí ẹ wá di ti òsì, kí ẹ yí òrùka kékeré tó wà níbi ojú ọ̀tún. Ẹ má sì gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè o, ẹ jọ̀ọ́. Èmi á tún un rà.

Bàbá ọlọ́dẹ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, wá bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo ní "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ wá wò ó." Wọ́n gbé e sójú, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó mà ń jó o! Ìgbà wo ló máa padà?" Mo ní tó bá di àsìkò tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì fẹ́ gbé e fún mi padà.