Agboòrùn Tó Ń Ká Sódì: Ohun Tí Ojú Mi Rí Láti Àkọ́rọ̀ Dé Àrọ̀kúrò

Inú takisí Micra ni mo wà ní Sángo, n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí mo pinnu pé agboòrùn tí mò ń lò ti tó gẹ́ẹ́. Àwa mẹ́ta la fún ara wa mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ọmọ mi jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, agboòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òjò bọ̀ wà láàárín orúnkún mi, omi ara rẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó sórí ṣòkòtò funfun tí bàbá kan wọ̀. Bàbá náà ò bú mi. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀, ó wo agboòrùn, ó wá yíjú sí mi: "Ìyá ọmọ, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ṣe jẹ́jẹ́, òde ni mò ń lọ." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ojú ń tì.

Mọ́níyà ni mò ń gbé, Dùgbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wà. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo sábà máa ń wọ̀: Mọ́níyà sí Òjòó, Òjòó sí Mọ́kọ́lá, kí n tó wọ èyí tó ń lọ sí Dùgbẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa pa agboòrùn dé, tí mo tún máa ṣí i, kí n tó dé ẹnu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹni tó ní mọ́tò tirẹ̀ lè máà rí ohun tí mò ń pariwo lé lórí.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni mo ra tuntun, èyí tó ń ká sódì, nígbà tí àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Dùgbẹ̀, kò sì sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. ₦12,000 ló pè é. Èyí tí gbogbo wa mọ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ kan náà, ₦3,500 ni. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ju ara wọn lọ tó bẹ́ẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó fi eyín já píọ́ wọ́tà kan, ó dà á sórí agboòrùn tó wà ní ṣíṣí, ó pa á dé, ó sì fi í nu àyà ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì gbẹ táútáú. A ná an títí, mo san ₦9,500, mo mú èyí tó dúdú lóde, tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Agboòrùn tí a mọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń ká sí. Aṣọ rẹ̀ á rọ̀ mọ́ ọ̀pá, ẹ̀yìn tí òjò lù á sì wà níta, òun ló máa kan ara yín, kan àga ọkọ̀, kan ṣòkòtò bàbá olóde. Eléyìí, òkè ló ń ká sí, bí ìgbà tí èèyàn bá yọ àpò ṣòkòtò síta. Ẹ̀yìn tó tutù á kó sínú, inú tó gbẹ á bọ́ síta. Aṣọ méjì ni wọ́n tò léra, àwọn egungun rẹ̀ wà láàárín, nítorí náà bí ẹ bá wòkè, ẹ ò ní rí egungun kankan. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bíi lẹ́tà C, ó ṣeé fi kọ́ apá kí èèyàn lè tẹ fóònù tàbí ka owó ọkọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ló ti gba owó mi padà. Tẹ́lẹ̀, ìyà méjì ló wà ńbẹ̀: kí n pa á dé lóde kí orí mi tutù, tàbí kí n kọ́kọ́ wọlé, kí n wá máa bá a jìjàkadì láàárín ilẹ̀kùn nígbà tí dírẹ́bà ń pariwo pé "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú mi!" Ní báyìí, mo máa ń jókòó tán, mo máa ń fa ilẹ̀kùn mọ́ra títí tó fi ku bí ìbú ọwọ́ méjì, agboòrùn ṣì wà lórí mi lóde. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo fà á, ó sì ká sókè gba àlàfo yẹn kọjá láì kan ara ilẹ̀kùn. Omi á wà nínú rẹ̀ bíi ti inú ife. Láti oṣù kẹta, kò sí èrò kankan tó tún bá mi ṣe àwàdà.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí omi tó wà nínú ife kò tíì dànù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé e dúró sí igun yàrá àwọn olùkọ́. Ó lè dá dúró fúnra rẹ̀, mo sì ń fi ìyẹn yangàn. Ọmọ kan sáré kọjá, ó fi báàgì gbá a, gbogbo òjò Mọ́níyà dà sórí ìwé iṣẹ́ àmúrelé tí mo kó sílẹ̀ láti máàkì. Èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣí i nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ńṣe ló máa fọ́n omi náà káàkiri bí ajá tó ti odò jáde. Ojú ọ̀gá wa ni mo fọ́n ọn sí lẹ́nu géètì. Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí di òní. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n dorí rẹ̀ kodò bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó ṣí i. Bí ẹni tó ṣe é bá ro ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí, ihò kékeré kan tó ṣeé ṣí àti tì lẹ́bàá ọ̀pá ì bá ti tó.

Ó wúwo pẹ̀lú. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n ìyá onírẹsì lọ́jà, ó lé díẹ̀ ní ìdajì kílò. Kì í wọ báàgì, torí kò ṣeé ká sí méjì. Ẹni tó fẹ́ràn láti ju agboòrùn sí ìsàlẹ̀ báàgì kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí òjò á fi dé, kó yáa má rà á.

Ní ti oòrùn, tí a fi sọ ọ́ lórúkọ, n ò ní àròyé. Ó dúdú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ méjì, abẹ́ rẹ̀ tutù.

Ẹ jẹ́ ká dé orí afẹ́fẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá, ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ̀lú, inú oṣù kẹta àti ìkẹrin sì ni agboòrùn máa ń kú jù lọ ní Ìbàdàn. Ní Mọ́kọ́lá, lábẹ́ afárá, ìjì gbá tèmi láti ìsàlẹ̀, ó sì yí i sódì pátápátá. Àwọn tó dúró níbẹ̀ ti ń káàánú mi. Àmọ́ ibi tó yí sí yẹn gan-an ni ibi tó máa ń ká sí. Mo fà á padà, ó ró "kẹ́ú", kò sí ohun tó ṣe é. Nínú gbogbo ohun tí ọmọkùnrin tó tà á fún mi fi pọ́n ọjà rẹ̀ nígbà tí à ń ná an, ti pé ìjì ò lè bà á jẹ́ nìkan ni mo rò pé irọ́ ni, òun náà ló sì wá já sí òótọ́ jù.

Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé fáíbà ni àwọn egungun rẹ̀, kì í ṣe irin. Ní 1852 ni Samuel Fox, ní Stocksbridge nítòsí Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀ bí ọ̀nà omi ṣe egungun agboòrùn. Kó tó dìgbà yẹn, ohun líle kan tí wọ́n ń yọ lẹ́nu ẹja àbùùbùtán ni àwọn òyìnbó sábà máa ń lò, ó sì wúwo. Ẹ wo èyí tó wà nílé yín: bí ẹ bá fi ìka gba abẹ́ irin rẹ̀ kọjá, ẹ máa rí i pé kòtò ló ní nínú. Iṣẹ́ Fox nìyẹn, a ṣì ń gbé e kiri. Kòtò yẹn ló jẹ́ kó fúyẹ́, kó sì le. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá tẹ̀ ẹ́ rékọjá agbára rẹ̀, kì í na padà mọ́. Ojú ibi tí irin méjì ti pàdé ni omi ti ń wọlé, ibẹ̀ ló ti ń dípẹtà, ibẹ̀ náà ló ti máa já. Fáíbà ní tirẹ̀ máa ń tẹ̀, á sì na.

Síbẹ̀, irin ní ohun kan tí fáíbà ò ní. Màlámù kan wà tó máa ń gba àdúgbò wa kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àpò wáyà àti abẹ́rẹ́ ńlá ló ń gbé. Kò sí agboòrùn onírin tí kò lè jí dìde. Á gé wáyà kékeré, á fi í gba ihò méjèèjì kọjá, á lọ́ ọ, á gba owó kékeré, ó parí. Nígbà tí egungun kan sán lórí tèmi ní oṣù keje, mo gbé e lọ bá a. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó dá a padà fún mi. "Ìyá, eléyìí ò gba wáyà." Téèpù ni mo fi wé e. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú mi jókòó kọ gbogbo èyí kò tíì kan afẹ́fẹ́ tàbí mọ́tò. Àárín ni ọ̀pá agboòrùn máa ń wà, ti ọ̀tẹ̀ yìí náà ò sì yàtọ̀. Ẹ dúró, ẹ ṣe é bí ẹni mú un dání: ọwọ́ yín wà níwájú àyà, ọ̀pá wà níbẹ̀, aṣọ sì pín dọ́gba sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ìdajì rẹ̀ ń bo afẹ́fẹ́ níwájú yín, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ni ọmọ wà. Bí mo bá pọn ọmọ, orí mi á gbẹ, àyà mi á gbẹ, ìdí ọmọ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á máa gba òjò. Mo gbọ́dọ̀ fi agboòrùn kọ́ èjìká kí n dà á sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ojú ara mi á wá di ti òjò. Ìyá wo ni kò ṣe é rí?

A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ láàfin, kẹ́ ẹ máa wò ó. Ọba kì í gbé agboòrùn fúnra rẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé e máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, á na ọ̀pá síwájú kí aṣọ lè bo ẹni tó yẹ kó bò. Ní Netherlands, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì Delft, Gerwin Hoogendoorn, ya agboòrùn kan tí ọ̀pá rẹ̀ sún síwájú, tí aṣọ rẹ̀ kúrú níwájú, tó gùn lẹ́yìn. Ó di ọjà ní 2006 lábẹ́ orúkọ Senz. Ìjì ni wọ́n ń bá jà, wọ́n ní ó lè dúró nínú afẹ́fẹ́ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Àbúrò mi tó ń gbé lọ́hùn-ún mú ọ̀kan wá lọ́dún tó kọjá, mo yá a fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Èmi ò rí ìjì kankan lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ọmọ mi tó gbẹ ni mo rí.

Ó gbé e padà lọ. Nígbà tí mo wá ra tèmi lọ́dún yìí, èyí tó ń ká sódì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ òpópónà wa, mo ní kó bá mi ṣe ìrù sí i. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Aṣọ òjò ọkọ mi tó ti ya lápá la gé, ó gé e bí ìlàjì òṣùpá, gígùn rẹ̀ tó ìbú ọwọ́ mẹ́ta, ó rán an mọ́ etí ojú aṣọ mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Mo ní ihò abẹ́rẹ́ á máa jò. Ó mú àbẹ́là, ó fi pa ojú ìrán náà síwá sẹ́yìn títí ó fi ń dán. Kò jò.

Ìrù náà máa ń lu pàpà bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀, ó sì fà mí sẹ́yìn lọ́jọ́ kan ní Òjòó tí mo fẹ́ẹ̀ jókòó sínú ẹrẹ̀. A wá so okùn tín-ín-rín méjì mọ́ ọn, tí mo máa ń fi há ọ̀já. Nítorí pé òkè ni agboòrùn yìí ń ká sí, ìrù á kó sínú pẹ̀lú omi rẹ̀ bí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀. Lára èyí tó ń ká sí ìsàlẹ̀, ńṣe ni ì bá máa wọ́ nílẹ̀.

Ọmọ mi ti pé ọdún kan ààbọ̀ báyìí, àrọ̀kúrò ń parí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ ní gbogbo oṣù kẹsàn-án. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún agboòrùn náà, mo yọ ọ̀kan nítorí ìwé iṣẹ́ àmúrelé àti ojú ọ̀gá. ₦1,500 ni ìyá aránṣọ gbà fún ìrù. Ìyàwó ilé kejì ti gbé tirẹ̀ wá lánàá. Aláwọ̀ ewé ni, aṣọ pupa ló ní kí wọ́n fi ṣe ìrù rẹ̀.