Ìrírí wa níbi eré mọ́tò BTCC ní Brands Hatch: ẹ̀bùn la fi wọlé, owó ara wa la máa fi padà lọ

Ẹ jẹ́ n yáa sọ ọ́ tààrà, tẹ́ ẹ bá ń gbé London tàbí Kent, tẹ́ ẹ sì lọ́mọ nílé tí kì í gbé mọ́tò ìṣeré sílẹ̀, ẹ mú un lọ wo BTCC ní Brands Hatch. British Touring Car Championship ni wọ́n gé kúrú sí BTCC, eré ìje mọ́tò ni, àmọ́ kì í ṣe Formula 1 tí mọ́tò ibẹ̀ ò jọ èyí tẹ́nì kankan ní nílé. Mọ́tò tá a ń rí lójú títì náà ni, Toyota Corolla, Ford Focus, Hyundai i30, BMW, wọ́n tú gbogbo inú rẹ̀ jù sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá irin ro inú rẹ̀ kó má bàa pa awakọ̀ tó bá dojú dé, wọ́n wá fi ẹ́ńjìnì 2 lítà tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i) sí i. Bọ́ọ̀lù la mọ̀ nílé wa, kò sẹ́ni tó ń wo eré mọ́tò, síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò wo fóònù mi àfi ìgbà tí mo fẹ́ ya fọ́tò.

Bá a ṣe débẹ̀ nìyí. Àbúrò mi ọkùnrin ń tún mọ́tò ṣe ní Dartford, ṣọ́ọ̀bù kan tó ti máa ń ra pádì bíréèkì àti ọ́ìlì ní káwọn kọ́sítọ́mà dáhùn ìbéèrè kan kí wọ́n sì kọ orúkọ sílẹ̀, ó wá kọ orúkọ tèmi, ó ní "Àǹtí mi, orí yín máa ń ṣiṣẹ́ ju tèmi lọ." Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá kí ímeèlì tó wọlé pé mo jẹ ẹ̀bùn, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan gbáko pẹ̀lú oúnjẹ. Ọkọ mi kà á, ó ní, "Ìyá Tóbi, má tẹ líǹkì yẹn o, àwọn Yahoo ti dé." Kò jẹ̀bi, gbogbo wa la mọ bí ayé ṣe rí. Nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì àbúrò mi ni mo pè, mi ò pe èyí tó wà nínú ímeèlì, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù náà sì ní òótọ́ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀bùn gidi kì í ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó "próséèsì" kankan kó tó dé ọwọ́ yín. Ìjọba ibí pàápàá kì í gba táàsì lórí ẹ̀bùn téèyàn jẹ nínú irú ìdíje báyìí. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí ìbéèrè wọn fi máa ń rọrùn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ òfin ni, Gambling Act ti 2005, tí wọ́n bá ń gbowó wọlé tó sì jẹ́ pé oríire nìkan ló ń yan ẹni tó máa jẹ ẹ̀bùn, lọ́tìrì ló máa dà, ìyẹn sì ní òfin tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ìbéèrè tàbí ọ̀nà kan téèyàn lè gbà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí àwọn tó fún wa lẹ́bùn, wọ́n ṣèlérí ìwé pákíìnì, ìwé náà ò dé, mo kọ̀wé mo pè, "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀" ni títí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday fi mọ́. A gbé mọ́tò àbúrò mi lọ bẹ́ẹ̀ náà, a sì ráyè gbé e sí. Téèyàn bá máa fúnni ní nǹkan, kó fúnni tán, torí ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé òun ò ní ráyè gbé mọ́tò sí ì bá ti jókòó sílé.

Ibẹ̀ ò jìnnà rárá. Ẹ bá M25 dé jáńṣọ̀n 3, ẹ bọ́ sí A20, kò ju máìlì mẹ́ta sí i lọ. Ẹ lè wọ rélùwéè dé stéṣọ̀n Swanley, tákísì lẹ máa wọ̀ láti ibẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ rélùwéè Sunday wò dáadáa torí iṣẹ́ ojú irin lè sọ yín sínú bọ́ọ̀sì. Ẹ tètè jáde nílé, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójú A20 láàárọ̀ ọjọ́ eré kì í ṣe kékeré.

Ẹ wò ó, ohun tó mú kí ibẹ̀ yàtọ̀ ni bí ilẹ̀ ṣe rí. Inú kòtò ńlá kan ni wọ́n la ọ̀nà eré náà sí, òkè tó ní koríko ló yí i ká, tẹ́ ẹ bá jókòó sórí òkè yẹn, ẹ máa rí bíi gbogbo ọ̀nà náà tán lójú kan, ẹ ò ní máa ta ọrùn kiri. Ọ̀nà kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Indy ni tọjọ́ tá a lọ, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 1.9 lọ, àwọn mọ́tò yìí sì ń yí i po láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 48. Kẹ́ ẹ tó jẹ gúgúrú ẹnu yín tán, wọ́n ti tún dé.

Kọ́nà àkọ́kọ́ ni Paddock Hill Bend, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ jọ̀ọ́. Fídíò ò lè fi bó ṣe rí hàn yín. Mọ́tò á fi eré àsápajúdé bọ̀ láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á ṣàdédé já wálẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bó ṣe ń yà sọ́tùn-ún, awakọ̀ ò tíì rí ìsàlẹ̀ tó ti gbọ́dọ̀ yí ọwọ́, ó já dé ìsàlẹ̀ kòtò, ara mọ́tò rọ̀ mọ́lẹ̀, ó tún gbéra gun òkè lọ sí Druids, kọ́nà tó ká pátápátá débi pé mọ́tò yí padà síbi tó ti ń bọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n fẹ́ gba kọ́nà yẹn kọjá pọ̀, àyà mi já, mo di ọmọ mi mú, bẹ́ẹ̀ òkè là ń jókòó sí o, kò sí nǹkan tó lè kàn wá. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ìdí wa. Bọ́ḿpà gbára lé bọ́ḿpà, digí ẹ̀gbẹ́ kan fò dànù, kò sẹ́ni tó dúró bèèrè.

Àbúrò mi ló ń ṣàlàyé fún wa. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wo BMW yẹn, táyà ẹ̀yìn ló ń ti mọ́tò yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń já gbà nígbà tí iná tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré bá kú." Lóòótọ́, tí wọ́n bá ń gbéra, ìwúwo mọ́tò á bọ́ sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn á mú ilẹ̀ dáadáa, àwọn tí táyà iwájú wọn ló ń fa mọ́tò á kàn máa yí táyà lójú kan díẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Táyà iwájú tiwọn náà ló tún ń yí ọwọ́, òun náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú bíréèkì, torí náà tí eré bá fẹ́ parí ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dúró pààrọ̀ táyà, eré kan ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ, bó o bá sun táyà rẹ níbẹ̀rẹ̀, ìwọ lo máa jìyà ẹ̀ níparí. Látìgbà tó ti sọ ọ́ ni mo ti ń wò ó, mo wá rí i pé Corolla kan tó dákẹ́ sípò ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà táyà àwọn yòókù ti ń yọ̀. Corolla o! Mọ́tò tí ìdajì àwọn èèyàn wa fi ń wákọ̀ jẹun nílé, tí wọ́n ń ra tòkunbọ̀ rẹ̀ kiri, òun ló ń lé BMW lójú ọ̀nà. Mo pariwo débi pé àwọn òyìnbó tó wà níwájú wa yíjú wò wá, wọ́n sì bá mi pariwo.

Bàbá àgbàlagbà kan ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú àga àti fúlásíìkì tíì rẹ̀, bàbá yẹn mọ gbogbo ìtàn ibẹ̀. Ó ní ní 1958, ọdún àkọ́kọ́ ìdíje yìí, àwọn méjì ló gbá máàkì dọ́gba, Jack Sears àti Tommy Sopwith, wọ́n wá gbé mọ́tò Riley méjì tó dọ́gba fún wọn níbí kí wọ́n fi wá ẹni tó gba ife, Sears ló gbà á. Formula 1 náà wá síbí láti 1964 sí 1986, bàbá náà sì wà lórí òkè yìí ní 1985 nígbà tí Nigel Mansell kọ́kọ́ gba ipò kìíní láyé rẹ̀ nínú Formula 1. Ó nawọ́ sí kọ́nà kan lápá òdì kejì tí wọ́n fi orúkọ John Surtees pè, ó ní Surtees nìkan ni ẹni tó gba ife àgbáyé lórí ọ̀kadà tó tún gbà á nínú Formula 1. Ọmọ mi ń gbọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń jẹ́ kéèyàn sún mọ́ nǹkan. Tẹ́ ẹ bá lọ wo bọ́ọ̀lù, ṣé ẹ lè wọ ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń wọ bàtà? Níbí, ẹ máa rìn wọ ibi tí àwọn tíìmù pabùdó sí, ẹ máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ǹtì kẹ́ ẹ máa wo mẹkáníìkì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. A bá ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tó kúnlẹ̀ ti táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára mọ́tò, ó ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ́ ojú rẹ̀, ó sì ń fi irin pẹlẹbẹ ha á, torí pé táyà náà rọ̀ débi pé gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ àti rọ́bà ojú ọ̀nà ló ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fẹ́ rí bó ṣe jẹ tó lábẹ́ ìyẹn. Ó jẹ́ kí ọmọ mi fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀. Bọ́ḿpà mọ́tò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tépù ni wọ́n fi so ó pọ̀, wọ́n sì tún gbé e jáde lọ sáré nígbà tó yá. Àbúrò mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́, òun àti mẹkáníìkì yẹn sọ̀rọ̀ bíréèkì bí ọmọ ìyá.

Àwọn eré kéékèèké tún wà láàárín ti BTCC, ẹ má fi àkókò wọn jẹun. Ginetta Junior ni mo fẹ́ràn jù, ọmọ ọdún 14 sí 17 ló ń wa mọ́tò yẹn. Ní orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé ẹni tí kò pé 17 ò lè wa mọ́tò lójú títì, ọmọ 14 wà níbẹ̀ tó ń já wálẹ̀ ní Paddock Hill láàárín ogunlọ́gọ̀ mọ́tò. Mo wo ìyá ọ̀kan nínú wọn lẹ́bàá wáyà, ó káwọ́ lérí, mo mọ ohun tó ń ṣe é.

BTCC fúnra rẹ̀ máa ń sá eré mẹ́ta lọ́jọ́ Sunday. Ẹ má lọ sílé kí ẹ̀kẹta tó parí, torí òun ló dùn jù. Wọ́n máa ń fa nọ́ńbà yọ láti mọ iye mọ́tò tó kàn, wọ́n á wá yí ipò àwọn tó ṣíwájú nínú eré kejì padà, ẹni tó gba ipò kìíní á bọ́ sẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa á wá síwájú, tó fi jẹ́ pé àwọn tó yára jù gbọ́dọ̀ gba ara wọn kọjá tipátipá. Ibẹ̀ ni mọ́tò máa ń kan ara wọn jù.

Ní ti yàrá òkè tí ẹ̀bùn wa fún wa láyè sí, oúnjẹ ibẹ̀ dáa, àga rọ̀, ilé ìyàgbẹ́ mọ́, ẹ lè sá síbẹ̀ tí òjò bá dé. Àmọ́ gíláàsì ló wà láàárín yín àti ariwo, ìlà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan lẹ sì máa rí dáadáa. A jẹun, a dúpẹ́, a padà sórí koríko. Tí wọ́n bá ní kí n fi owó ara mi rà á, mi ò ní ra yàrá, tíkẹ́ẹ̀tì lásán ni màá rà, màá fi owó tó kù ra aṣọ òtútù. Torí atẹ́gùn orí òkè yẹn kì í ṣeré.

Àwọn nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ: ẹ ra ohun ìbòtí fáwọn ọmọ, ẹ má rò pé ariwo ò pọ̀, ó pọ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé 13 tó bá tẹ̀ lé àgbàlagbà kì í sanwó ìwọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ náà kò wọ́n tó ti ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbé àga tí wọ́n ń ká àti ìrẹsì yín nínú kúlà, kò sẹ́ni tó dí wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ò lè lọ, ITV4 máa ń fi gbogbo rẹ̀ hàn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí ọ̀nà gígùn tó wọ inú igbó lọ, nǹkan bíi máìlì 2.4, oṣù October ni wọ́n máa ń fi í parí ọdún, òun làwa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí, àbúrò mi ló san tiẹ̀ àti ti ọmọ ìyàwó rẹ̀, ọkọ mi náà sì ní òun ń bọ̀.