Ṣé Lóòótọ́ Ni Oògùn Eléwé Yìí Ń Dín Ọ̀rá Ara Kù?

Bí ẹ bá kàn ń fẹ́ kí òṣùwọ̀n sọ pé ẹ ti fúyẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, oògùn eléwé tí mo rà ní ọjà Wuse, ní Àbújá, yóò ṣe é fún yín. Bí ó bá jẹ́ pé kí ikùn wọlé ni ẹ ń fẹ́, àpò yín nìkan ni yóò fúyẹ́.

Páálí náà ní tíì fún alẹ́ àti ìgò kápúsù fún òwúrọ̀. Ewé sẹ́nà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sára rẹ̀, lẹ́yìn náà Garcinia cambogia (èso kan tí wọ́n ní ó ń dín ọ̀rá kù), tíì aláwọ̀ ewé àti atalẹ̀. Sẹ́nà yìí, ìbátan ewé tí àwọn Haúsá ń pè ní filasko, kò ní iṣẹ́ méjì ju kí ó mú ènìyàn yàgbẹ́ lọ. Bí mo bá mu tíì náà lálẹ́, ìdájí ni inú yóò ti máa lọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ wa láti Kubwa há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Berger, díẹ̀ ló kù kí n bẹ awakọ̀ pé kí ó sọ̀ mí sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Nígbà tí mo ròyìn fún obìnrin tí ó tà á fún mi, ó ní, "Àǹtí, ọ̀rá yẹn náà ló ń jáde o, ẹ má dá a dúró."

Kì í ṣe ọ̀rá. Inú ìfun kékeré ni ara ti ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú iyán tàbí túwó tí a jẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ìfun ńlá, tí oúnjẹ ń dé lẹ́yìn ìfun kékeré, ni sẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́. Omi àti ìgbẹ́ ni ó ń lé jáde, pẹ̀lú èròjà potassium tí ọkàn àti iṣan nílò. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ni tọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Òṣùwọ̀n mi fi ohun tí ó lé ní kílò kan sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni tépù tí mo fi ń wọn ikùn dúró sí, kò sì pẹ́ tí mo dá tíì náà dúró tí kílò náà fi padà, bẹ́ẹ̀ n kò fi kún oúnjẹ mi.

Ní ti Garcinia, wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà lára àwọn 135 tí wọ́n sanra, fún ọ̀sẹ̀ 12, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1998. Gbogbo wọn ni wọ́n dín oúnjẹ wọn kù, gbogbo wọn ni wọ́n sì fọn díẹ̀. Àwọn tí wọ́n lo Garcinia kò fọn ju àwọn tí wọ́n gba kápúsù òfìfo lọ.

Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára páálí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fọkàn tán an. Ẹ yí páálí náà padà: lẹ́tà wínníwínní kan wà nísàlẹ̀ tí ó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò.

Àìrígbẹ́yà nìkan ni mo lè sọ pé ó wúlò fún, sẹ́nà lásán sì wà ní ilé oògùn fún ìyẹn ní owó táṣẹ́rẹ́.