Mo sá marathon Disney nígbà tí ooru mú: ohun tí owó yín máa rà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Walt Disney World Marathon dáa, ó wọ́n, bí owó bá sì wà, màá tún lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ooru bá mú, eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sá níbẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ń sá tiwọn nínú òkùnkùn, nínú atẹ́gùn ìdájí. Àwa tí à ń rọra bọ̀ ń sá tiwa lábẹ́ oòrùn. Iye kan náà ni gbogbo wa san o. Ẹni tó bá ń gbèrò láti forúkọ sílẹ̀, èyí ni kó kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ ti Mickey, eku inú àwòrán Disney.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Orlando ní Florida ni wọ́n ti ń sá a, nínú oṣù kìíní ọdún, láti 1994. Máìlì 26.2 ni, ìyẹn kìlómítà 42.195 bíi ti marathon gbogbo, ọ̀nà rẹ̀ sì gba inú ọgbà ìgbafẹ́ Disney mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá: Magic Kingdom, Animal Kingdom, Hollywood Studios àti EPCOT. Ọjọ́ Àìkú ni ti marathon. Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń sá àwọn kékeré: 5K (kìlómítà márùn-ún), 10K (kìlómítà mẹ́wàá), lẹ́yìn náà ìdajì marathon ní Sátidé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, máìlì 48.6 lápapọ̀, wọ́n ń pè é ní Dopey Challenge, 2014 ló bẹ̀rẹ̀. Mi ò sí lára wọn, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan tì mí débẹ̀.

Ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń ta eré yìí fún àwa tí à ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Lóṣù kìíní, ọ̀sán Orlando sábà máa ń wà ní nǹkan bíi dígíì 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òru rẹ̀ ní nǹkan bíi 10. Ẹni tó bá ń sáré kò lè bẹ̀bẹ̀ fún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ Florida kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Ní 2017, wọ́n fagi lé ìdajì marathon tọjọ́ Sátidé nítorí àrá àti mànàmáná; nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òtútù ló ń gbá àwọn tó wá sá marathon. Lọ́dún tèmi, kò sí àrá, kò sì sí òtútù. Afẹ́fẹ́ tó kún fún omi ló fẹ́ wá láti gúúsù, kí a tó gbéra rárá, ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ooru ti kọjá dígíì 25.

Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé á ti máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Dígíì 25? Ṣé ìyẹn náà ni ooru? Ta ló tiẹ̀ ń lé ẹ?” Òótọ́ ni. Láti 2016 ni wọ́n ti ń sá marathon l'Ékòó nínú oṣù kejì, lórí Third Mainland Bridge, nínú ooru tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ara ará Èkó ti mọ ooru. Maryland ni mo ti ń gbáradì ní tèmi, nínú oṣù kejìlá, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti fìlà onírun. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá nínú ooru kí ara tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tètè làágùn, kí ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ tó láti gbé ooru dé awọ ara. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù lọ́jọ́ Ẹtì kò rí ọjọ́ mẹ́wàá náà.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe oòrùn, ọ̀rinrin ni. Tí èèyàn bá ń sáré, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí iṣan ń lò ló ń di ooru nínú ara, òógùn ló sì ń gbé e jáde. Àmọ́ òógùn kì í tu ara lára àyàfi tó bá gbẹ kúrò lójú awọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi tẹ́lẹ̀, òógùn á kàn máa kán sílẹ̀ lásán. Mo ń wo iwájú bàtà mi tó ń tutù nígbà tí òjò kò rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò wá kàn. Aago márùn-ún ìdájí ni eré máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé aago méjì ààbọ̀ òru sí mẹ́ta ni ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ráhùn nípa èyí. Èmi ò bá wọn ráhùn, torí pé gbogbo wákàtí òkùnkùn yẹn, owó ni lọ́jọ́ ooru. Ohun tó yẹ kí wọ́n máa ráhùn nípa rẹ̀ ni ìsọ̀rí. Wọn kì í tú gbogbo èèyàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni wọ́n ń jẹ́ ká lọ, pẹ̀lú iná oníràwọ̀ tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run fún ìkọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún wò, àmọ́ bí iná ṣe ń bú lókè ni aago ń lọ. Tó bá fi máa kan àwọn ti ẹ̀yìn pátápátá, ó ti sún mọ́ aago mẹ́fà tàbí ó ti kọjá. Oòrùn Orlando sì máa ń yọ ní nǹkan bí aago méje àti ìṣẹ́jú márùndínlógún lóṣù yẹn. Ẹni tó wà níwájú ní wákàtí méjì àti díẹ̀ láti fi sá nínú òkùnkùn; ẹni tó wà lẹ́yìn ní wákàtí kan, bóyá. Ẹni tó yá á sì tún parí nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Àwa tó kù la máa pàdé ọ̀sán. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀rí eré kan tí ẹ ti sá tẹ́lẹ̀ tí àkókò rẹ̀ dáa, ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá béèrè. Ìsọ̀rí iwájú lójú mi ju yìnyín lọ.

Nǹkan kejì tí kì í hàn nínú fọ́tò ni pé ojú títì ni apá tó pọ̀ jù nínú eré yìí. Ilẹ̀ Disney tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 máìlì níbùú-lóròó, àwọn ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jìnnà síra wọn. Láàárín wọn, títì ọkọ̀ ni: fífẹ̀, gbalasa, ọ̀dà dúdú, kò sí igi tó ṣíji bò ó. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá tutù, ẹ ò ní rántí títì wọ̀nyẹn. Lọ́jọ́ tí ooru bá mú, àwọn lẹ máa rántí. Ní Osceola Parkway, ọ̀kan nínú àwọn títì náà, mo rí àwọn géńdé tí wọ́n ti sá kọjá lára mi nínú òkùnkùn tí wọ́n wá ń rìn ní ẹ̀bá ọ̀nà, ọwọ́ ní ìbàdí. Pajápajá mú ọkùnrin kan ní ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá dùbúlẹ̀ gbalaja sórí koríko.

Mi ò purọ́, inú ọgbà dùn. Ojúmọ́ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí mo yà sí Main Street ní Magic Kingdom. Ariwo àwọn èrò lọ́tùn-ún lósì, iná gbogbo ilé ṣì ń tàn, ilé ọba náà wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo sunkún, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́. Ṣáájú ká tó wọ Animal Kingdom, àwọn òṣìṣẹ́ kó ẹran sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ewúrẹ́ kan sì ń wò wá bíi pé orí wa ti dàrú. Nínú ọgbà náà, abúlé kan wà tí wọ́n pè ní Harambe, tí wọ́n kọ́ bíi ti etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, a sá gba ibẹ̀ kọjá. Òkè Expedition Everest wà níwájú. Tí ọgbà bá ti ṣí, àwọn asáré kan máa ń yà gun ọkọ̀ orí irin ibẹ̀ láàárín eré, wọ́n á sì padà sójú ọ̀nà. Àwọn ará Mickey náà dúró káàkiri fún fọ́tò, ìlà sì gùn. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí ìlà bá wà níbi òjìji, ẹ tò. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkàn fi rọlẹ̀ nínú ooru á gba yín là lójú ọ̀nà níwájú ju àkókò tí ẹ pàdánù lọ.

Ẹ kàn má gbàgbé pé ìdiwọ̀n wà: ìṣẹ́jú 16 fún máìlì kan. Àwọn obìnrin kan ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá tí wọ́n so fèrè onírọ́bà (balloon) mọ́ra, irú èyí tí ọmọdé máa ń fẹ́ lọ́jọ́ ọjọ́-ìbí. Bí wọ́n bá kọjá lára yín, bọ́ọ̀sì lè gbé yín kúrò nínú eré. Mi ò tíì rí ohun tó fani mọ́ra tó sì tún bani lẹ́rù tó fèrè yẹn.

Ibi tí mo ti fún wọn ní máàkì jù ni àgọ́ ìtọ́jú. Obìnrin kan wà níwájú mi lẹ́bàá títì tí awọ apá rẹ̀ wú sókè bíi ti ẹni tí òtútù mú, nínú ooru yẹn! Mo sún mọ́ ọn. Mo bi í pé ọjọ́ wo lónìí, ó ní Ọjọ́bọ̀. Kò sí ohun tí nọ́ọ̀sì kankan tún fẹ́ gbọ́ mọ́. Èmi àti ẹnì kan gbé e lápá, mo pe ọmọdébìnrin kan tó wọ ẹ̀wù òṣìṣẹ́, àwọn onítọ̀ọ́jú sì dé kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Wọn ò kọ́kọ́ máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn kiri. Wọ́n kó aṣọ ìnura tí wọ́n rì sínú yìnyín bò ó lọ́rùn, lábíyá àti nítan, wọ́n sì gbé e lọ síbi omi yìnyín. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn: ẹni tí ooru ti dé ọpọlọ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mú un tutù, lẹ́yìn náà lẹ lè máa gbé e lọ.

Omi pọ̀ lójú ọ̀nà, ohun mímu oníyọ̀ náà sì wà. Ẹ mu méjèèjì. Ẹni tó bá ń da omi lásán sínú láìdánudúró fún wákàtí mẹ́fà lè fi fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, ìyẹn sì ti pa asáré rí. Wọ́n tún ń pín faselíìnì lórí igi pẹlẹbẹ fún ibi tí itan bá ti ń bó. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi fi sẹ́nu, ó rò pé oúnjẹ ni. Ní Hollywood Studios, ṣokoléètì ni wọ́n ń há. Tèmi ti yọ́ nínú ọ̀rá rẹ̀, mo lá a bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìgbànú oníke-omi tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé ìtajà kan tí mi ò ní dárúkọ, kí a tó dé máìlì kẹta ló ti ń jò sí mi nídìí. Wọn ò dá owó mi padà títí di òní.

EPCOT ló kẹ́yìn. Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló ní ilé yí adágún omi ibẹ̀ ká, Morocco nìkan ló sì wá láti Áfíríkà. Ibẹ̀ ni ẹnì kan nínú èrò ti rí àwọ̀ ewé-funfun-ewé tó wà láyà mi, ló bá figbe ta: “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ rọra, ó ti tán!” Kò tíì tán o, àmọ́ mo sáré. Kí ẹ tó rí òpin, ẹgbẹ́ akọrin ìyìnrere wà níbẹ̀ nínú aṣọ gígùn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti wú ń jó. Mẹ́dà tí wọ́n fún wa ṣe bí orí Mickey, ó wúwo.

Ní ti owó: ìforúkọsílẹ̀ nìkan ju igba dọ́là lọ, ilé ìtura àti bàálù kò sí nínú rẹ̀. Ohun tó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sá gba inú ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ padà wọlé ní ọ̀sán pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń wá àkókò tó dáa jù láyé rẹ̀, kó lọ wá ìlú mìíràn. Ọ̀nà ibẹ̀ fún nínú ọgbà, aago ìdájí náà kò sì ran ara lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sá marathon àkọ́kọ́ rẹ̀ láìsí pé wọ́n ń fojú pa á rẹ́, ibẹ̀ ni kó lọ. Kó dé ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú bó bá lè ṣe é, kó mú fìlà tó lè gba yìnyín, kó sì fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún máìlì kọ̀ọ̀kan lọ́gán tó bá ti rí i pé ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ òun lára kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú eré ni ìforúkọsílẹ̀ máa ń ṣí, ó sì máa ń tètè kún.