Fífi ìdí lẹ́ǹsì síwájú: oṣù mẹ́rin pẹ̀lú òrùka 52mm

Òde ìnáwó ni mo ń ya fọ́tò sí. Ìyàwó, ọkọ, gèlè, àwo ìrẹsì: ohun tí kámẹ́rà Nikon D3200 mi mọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́tò ojú eṣinṣin hàn mí, ojú ọ̀hún rí bí afárá oyin. Mo bi í pé lẹ́ǹsì wo ló fi yà á. Ó ní lẹ́ǹsì lásán ni, òun kàn fi ìdí rẹ̀ síwájú ni. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Òrùka irin pẹlẹbẹ kan ló lò. Ẹ̀gbẹ́ kan ń wọ ara kámẹ́rà, ẹ̀gbẹ́ kejì ń yí mọ́ iwájú lẹ́ǹsì, níbi tí a máa ń de fílítà sí. Lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe kó lè gba odidi gbọ̀ngàn, kó sọ ọ́ di bíńtín, bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ohun bíńtín ni yóò máa sọ di ńlá. Kò sí gíláàsì kankan nínú òrùka náà, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Tèmi kò lórúkọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti epo jẹnẹrétọ̀ mi lọ́sẹ̀ kan. Nikon náà ti ṣe tiwọn, BR-2A, 52mm lòun náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́ǹsì yín dáadáa, èyí tó ń sọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. 52mm ni mo béèrè, 58mm ni ẹni tó tà á fi ránṣẹ́. Mo pè é, ó ní, “Ọ̀gá, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, ẹ rọra yí i.” Mo rọra yí i títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kó tó pààrọ̀ rẹ̀, èmi ni mo sì san owó ọlọ́kadà.

Nígbà tí mo de èyí tó bá a mu, kámẹ́rà ní òun kò rí lẹ́ǹsì. Ipò M nìkan, níbi tí èèyàn ti ń ṣètò gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀, ló ti gbà láti yà. Kò bá mi wọn iná, kò bá mi wá focus, ìyẹn ibi tí nǹkan ti ń mọ́ kedere. Ẹ gbàgbé yíyí òrùka focus, ara yín lẹ ó máa gbé síwájú sẹ́yìn. Lẹ́ǹsì Nikon tó ń jẹ́ 50mm f/1.8D ni mo kọ́kọ́ lò (50mm yìí kì í ṣe fífẹ̀ ẹnu rẹ̀), nítorí ó ní òrùka tí mo fi lè ṣí ihò tí iná ń gbà wọlé tàbí kí n pa á dé fúnra mi. Ohun tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ díẹ̀ ló kún fọ́tò.

Lẹ́ǹsì 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 18mm, ibi tó ti máa ń gba ohun tó gbòòrò jù, ohun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan ti kún fọ́tò bámú. Lẹ́ǹsì macro 105mm tí gbogbo wa ń fojú sọ́nà fún, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún yíya ohun kékeré, kò kọjá 1:1 ní tirẹ̀, ìyẹn ni pé àwòrán inú kámẹ́rà kò lè tóbi ju ohun náà fúnra rẹ̀ lọ. Àmọ́ lẹ́ǹsì 18-55mm yìí kò ní òrùka ihò. Irin kékeré kan ló wà nídìí rẹ̀, bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára kámẹ́rà, ihò á pa dé, òkùnkùn á ṣú. Igi ìṣáná ni mo fi há a kó má baà pa dé tán.

Ibi tó máa ń mọ́ kedere nínú fọ́tò kò nípọn tó èékánná. Bí ẹ bá mí, ó ti bọ́. Ẹ óò tún sún mọ́ nǹkan ọ̀hún tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji lẹ́ǹsì á bò ó. Páálí kọnfúlékì ni mo gé, mo lẹ bébà funfun mọ́ ọn, mo gbé e síwájú fílàṣì, iná wá rọ̀. f/8 tó mi (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i). Nígbà tí mo pa ihò 50mm dé f/22, gbogbo rẹ̀ ṣe bàìbàì. Kòkòrò tó ń rìn? Ẹ jọ̀wọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún fọ́tò eèrà tí mo yà lórí òdòdó ilá, mẹ́ta ló jọ nǹkan.

Ohun tí n kò fẹ́ràn ni pé ìdí lẹ́ǹsì, ibi ẹlẹgẹ́ yẹn, wà ní gbangba. Nígbà ọyẹ́, eruku ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ti ní lẹ́ǹsì àtijọ́ tó ní òrùka ihò, ẹ ra òrùka irin pẹlẹbẹ yìí. Ẹni tí kò ní sùúrù, kó má wulẹ̀ dán an wò.

Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù, inú ilé ni mo ti yà á. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, kòkòrò kan dúró sẹ́nu ihò tó gbà jáde. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, mo di èémí mú. Ihò náà rí rìbìtì bí ẹni pé káfíńtà ló lu ú. Irun wẹ́wẹ́ bo ẹ̀yìn kòkòrò náà, àwọ̀ rẹ̀ rí bí iyanrìn tí epo dúdú kán sí. Mo fi han Màámi. Wọ́n wò ó, wọ́n wo àtẹ, wọ́n tún wò ó.

“Èyí la ti ń jẹ látọjọ́ yìí?”

Wọ́n da ẹ̀wà náà fún adìyẹ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí sí ilé ìdáná: “Gbé ẹ̀rọ yẹn wá, bá mi wo èlùbọ́ yìí.”