Ilé ìtọ́jú tí a gbé àbúrò mi lọ nítorí tramadol

Oṣù kẹrin nìyí tí a ti ń ti Ìsánlú lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Ìlọrin nítorí àbúrò mi ọkùnrin, ọlọ́kadà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tramadol kí ara má baà máa ro ó, títí tí kò fi lè dìde nílẹ̀ láìgbé e mì.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé wọn kò kánjú fún un ní oògùn. Dókítà ṣàlàyé pé bí buprenorphine, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí irú tramadol ti di bárakú fún, bá bá tramadol lára ènìyàn, ó lè lé e kúrò lójijì, kí ìnira rẹ̀ sì le kọjá àfaradà. Ìgbà tí ó ń yán léraléra, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tí irun apá rẹ̀ sì dìde ṣánṣán, ni nọ́ọ̀sì tó fi oògùn sí i lábẹ́ ahọ́n, tí ó jókòó tì í títí tí ó fi yọ́ tán, tí ó sì ní kí ó yanu kí òun wò ó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò mi béèrè oúnjẹ.

Àwọn ará ilé kan ní oògùn olóró kan ni a fi rọ́pò òmíràn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mo rí i pé ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó sì ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ka oògùn yìí àti methadone, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tirẹ̀, mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí.

Agbaninímọ̀ràn wọn, ọmọ Yàgbà bíi tiwa, fi "Ọ̀kun o" kí àbúrò mi, kò sì bá a wí. Ó béèrè ìgbà tí tramadol máa ń wù ú jù, ó sì hàn pé ìgbà tí owó àkọ́kọ́ bá wọlé ní gáréèjì ni. Wọ́n jọ fẹnu kò pé ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa gba owó náà.

Ohun tí ó dùn mí gan-an ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a débẹ̀ tí wọ́n ní oògùn ti tán. Ewu ńlá ni, nítorí bí kò bá rí oògùn, ó lè padà sí tramadol, ara tí ó ti gbàgbé rẹ̀ sì lè máà gba iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, kí ó sì pa á. Wọ́n bẹ̀ wá. Síbẹ̀, kí ẹni tí ó bá ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ó tó wọkọ̀.