Oṣù 14 tí mo ti ń fi gáàsì CNG wakọ̀

Èéfín ló sún mi dé ìdí CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà láti fi wakọ̀ dípò bẹntiróòlù. Láàárọ̀, bí mo bá ti ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kó lè gbóná, òórùn ẹnu páìpù a máa há mi lọ́fun, àwọn ọmọ náà á sì máa wúkọ́. Òórùn yẹn ti dínkù gan-an báyìí. Ìyẹn nìkan dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo ohun yòókù lọ.

Bẹntiróòlù ni mo ṣì fi ń ṣáná ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná díẹ̀, á bọ́ sórí gáàsì fúnra rẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orí òkè nìkan ni mo ti ń rí i pé agbára rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, torí gáàsì ń gba àyè mọ́ afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wọnú ẹ́ńjìnnì.

Ní oṣù kejì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já padà sórí bẹntiróòlù lójú ọ̀nà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bá yìnyín funfun lára rẹ́gúlétọ̀, ẹ̀rọ tó ń dín agbára gáàsì kù kó tó dé ẹ́ńjìnnì, bí ẹran tó sùn sínú fíríìsà. Gáàsì inú sílíńdà le tó 200 bar, bí ìlọ́po 200 agbára afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Bí rẹ́gúlétọ̀ bá ti ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀, òtútù ńlá ló ń mú wá, ìdí nìyẹn tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì fi gbọ́dọ̀ máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó so ẹ̀rọ gáàsì náà mọ́ ọkọ̀ kò tú afẹ́fẹ́ inú rọ́bà omi náà jáde, afẹ́fẹ́ yẹn ló dí omi lọ́nà. Nígbà tí mo pè é, ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Inú bí mi gan-an ni.

Mẹkáníìkì mìíràn tún un ṣe kíá. Ó wá ta omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀, ìfófòó sì ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́nu nọ́ọ̀tù kan: gáàsì ń jò níbẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó o! Mẹ́téènì ló pọ̀ jù nínú gáàsì yìí. Bí a bá sun ún, carbon dioxide, gáàsì inú èéfín tó ń mú ayé gbóná, tó ń jáde fi bí ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí ti bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n bó bá jò láìjóná, ooru tó ń dá sórí ayé láàárín 100 ọdún lé ní ìlọ́po 25 ti carbon dioxide tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ohun tí a rò pé a ń tún ṣe la ó tún máa bà jẹ́. Oṣooṣù ni mo ń ta omi ọṣẹ báyìí.

Sílíńdà ti gba ìdajì búùtù, ó sì wúwo. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí mẹ́téènì tí wọ́n ń fà láti inú ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí oúnjẹ, bí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ mọ́, ẹ̀rọ kan náà yìí ni yóò lò ó, láìpààrọ̀ ohunkóhun. Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ní kí wọ́n ta omi ọṣẹ náà lójú yín kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.